Dókítà Akínọlá Májà, Ìríjú Owó Ọlọ́pọ̀ Ènìyàn

Ní àkókò àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ bí irú èyí, ó yẹ kí a rántí àwọn tí wọ́n ti kọjá lọ, tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣì wà láàárín wa. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Èrúwà, kò sì kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ wa rí. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ń fi owó pamọ́ sí báńkì tí ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀, ojú ọ̀nà tí ọkùnrin yìí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ là ni ó ń tọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Dókítà Akínọlá Májà.

Kí báńkì tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn baba wa kò ṣàìmọ bí a ti ń tọ́jú owó. Àwọn ìyá wa tí ń ta ẹ̀gúsí, gààrí àti láfún ní ọjà Èrúwà, Igbó-Ọrà àti Lánlátẹ̀ a máa dá àjọ, wọn a sì máa dá èésú. Ohun tí ó mú àjọ dúró kò ju pé a mọ ẹni tí ń gbà á, a sì mọ ilé baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n èésú ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Owó tí ènìyàn mẹ́wàá dá jọ kò lè ra ọkọ̀ akẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbé oníṣòwò dé òkè òkun.

Báńkì àkọ́kọ́ ní Èkó, African Banking Corporation, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1892. Ní 1894, Bank of British West Africa gba ipò rẹ̀. Barclays náà dé lẹ́yìn náà. Àwọn ilé wọ̀nyí gba owó lọ́wọ́ ènìyàn dúdú tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹ̀yáwó, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún. Wọn a ní kí oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ yìí mú ohun ìdúró wá. Ilẹ̀ ìdílé ni ó ní, kò sì lè dá a tà. Nítorí náà, kò tó ohun ìdúró lójú wọn. Báyìí ni owó tí àwọn tiwa fi pamọ́ ṣe ń di owó òwò fún ẹlòmíràn.

Inú irú ayé yìí ni Májà dàgbà sí. A bí i ní nǹkan bí ọdún 1888. Ó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, ó gboyè dókítà, ó sì padà sí Èkó láti máa wo aláìsàn. Dókítà aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lè jókòó jẹ́ẹ́ sí ilé ìwòsàn rẹ̀, kí ó jẹun, kí ó yó, kí ó má sì dá sí ọ̀rọ̀ ìlú. Májà kò yan ọ̀nà yẹn.

Ohun tí ó dáwọ́ lé kò rọrùn, nítorí pé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ti ṣubú. Ní 1929, Winifred Tete-Ansa, oníṣòwò ọmọ Gold Coast, bá wọn dá Industrial and Commercial Bank sílẹ̀. Ó kógbá sílé ní 1930. Nigerian Mercantile Bank tẹ̀lé e ní 1931. Òun náà kò kọjá 1936. Ẹni tí owó rẹ̀ bá bá irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ lọ kì í yára gbà mọ́ pé ènìyàn dúdú lè tọ́jú owó. Síbẹ̀, ní 1933, nígbà tí ọ̀dá owó gba gbogbo ayé kan, Májà, lọ́yà T. A. Doherty àti Hamzat Subair pa owó àti orúkọ wọn pọ̀, wọ́n sì dá National Bank of Nigeria sílẹ̀. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ni wọ́n, ẹ̀sìn kò sì dí wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Iṣẹ́ báńkì kò ṣòro láti ṣàlàyé; ṣíṣe rẹ̀ ni ó ṣòro. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn mú owó díẹ̀díẹ̀ wá. Báńkì yá oníṣòwò ní apá kan, ó gba èlé, ó fún àwọn tí ó ni owó ní díẹ̀ nínú èlé náà, ó sì fi ìyókù san owó oṣù òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n apá kan gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí olówó yóò wá gba owó rẹ̀ láti fi sìnkú tàbí láti fi san owó ilé ìwé ọmọ. Báńkì tí ó bá yá gbogbo owó tán, tàbí tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń yá a fún ara wọn, ọjọ́ tí àhesọ kan bá ti délé ọjà ni ó kú.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí. Lẹ́yìn ogun Hitler, báńkì hù bí olú ní ilẹ̀ wa. Owó ìpilẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó nǹkan, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kò sì pọ̀. Nigerian Farmers and Commercial Bank, tí a dá sílẹ̀ ní 1947, tóbi lójú gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi wọlẹ̀. Ní 1952, ìjọba ṣe òfin báńkì àkọ́kọ́, tí ó ní kí báńkì ọmọ ilẹ̀ ní owó ìpilẹ̀ tí kò dín ní £12,500. Láàárín ọdún díẹ̀, ọ̀pọ̀ ti kú, omijé àwọn tí ó fowó pamọ́ sí wọn kò sì gbẹ. Nínú ìwọ̀nba tí ó kù ni National Bank wà, pẹ̀lú Agbonmagbe Bank tí Olóyè M. A. Okupe dá sílẹ̀ ní 1945, àti African Continental Bank ti Dókítà Azikiwe.

Ní gbogbo àkókò yìí, Májà ń ṣe iṣẹ́ ìlú pẹ̀lú. Ó wà lára àwọn àgbà Nigerian Youth Movement, ó sì di ààrẹ rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà 21 ní Enugu ní oṣù kọkànlá 1949, òun ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó kó àwọn olóṣèlú tí ń bá ara wọn jà jọ láti fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ikú Sir Adéyẹmọ Alákijà ní 1952, ó di ààrẹ Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà. Èkó bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n sì ń pè é ní Baba Èkó.

Ibi tí ọlá rẹ̀ ti pọ̀ náà ni ewu báńkì rẹ̀ ti wọlé. Ní 1955, Marketing Board ti Ìwọ̀-Oòrùn, tí owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, fi mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ra ìpín nínú National Bank. Owó náà fún báńkì lágbára láti yá ọmọ ilẹ̀ lówó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n àwọn aṣáájú báńkì àti àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú tí ń ṣèjọba ti sún mọ́ ara wọn jù. Ní 1962, ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ G. B. A. Coker ṣe alága rẹ̀ yẹ ìwé wò, ọ̀rọ̀ owó ìjọba, owó àgbẹ̀ àti owó ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó gba inú báńkì náà kọjá sì di ohun tí gbogbo ìlú gbọ́. Bí a bá sọ ìtàn Májà fún àwọn ọmọ wa láìfi èyí kún un, a kò tọ́ wọn sọ́nà. Ẹni rere lè kọ́ ilé tí ó dára, kí ó sì gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Májà kú ní 1976. Báńkì rẹ̀ ṣì wà láàyè fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sí i. Nígbà tí Central Bank sọ ní 2004 pé báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní owó ìpilẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà, National Bank kò lè dá a ní. Wema Bank ni ó gbà á mọ́ra ní 2005. Wema yìí sì ni Agbonmagbe àtijọ́, tí ó yí orúkọ padà ní 1969. Báyìí ni àwọn méjì tí wọ́n jọ la ìjì 1952 kọjá ṣe di ọ̀kan.

Ní Èrúwà níhìn-ín, a mọ ohun tí orúkọ ẹnì kan lè gbé ró. Olóògbé Dókítà Awójọbí fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ abẹ láàárín wa títí di 2015, àwọn aláìsàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá nítorí pé wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀ ni Májà fi ṣe owó ìpilẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ ni wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì lónìí. Àwọn mìíràn jẹ́ akápò ìjọ, akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tàbí ẹni tí ń fi POS sanwó fún aládùúgbò. Ìríjú ni gbogbo wọn. Kí wọ́n ní ìgboyà Májà láti bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹlòmíràn ti ṣubú, kí wọ́n sì fi ààlà sí àárín owó tí a fi sí wọn lọ́wọ́ àti ọ̀rẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn. Ọ̀rẹ́ a máa bínú, a sì máa yọ́nú. Owó opó tí ó bá ṣòfò kì í padà bọ̀rọ̀.