Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí
Kò yẹ kí a gbàgbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí, ẹni tí a bí ní Òṣòdì ní 1937, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìkòròdú wa. Yunifásítì Èkó ní Akọka, Yaba, ni ó ti kọ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣí sítíárì ọkọ̀ Opel rẹ̀ láti apá ọ̀tún sí òsì. Ó tún so sítíárì kejì mọ́ ẹ̀yìn jíìpù kan, tí jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń gbé e síwájú àti sẹ́yìn. Autonov 1 ni ó pè é. Ọmọ ọdún 47 péré ni nígbà tí ó kú ní 1984. Nítorí náà, bí ọmọ wa bá tú ẹ̀rọ palẹ̀, kí a má ṣe nà án. Kí a kọ́ ọ bí a ti ń tò ó.