Chandrasekhar: Ọmọ tí àgbà fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìràwọ̀

Ẹ̀rọ awò-X-ray tí NASA gbé lọ sójú òfurufú lọ́dún 1999 ń jẹ́ Chandra. Orúkọ èèyàn ni o. Subrahmanyan Chandrasekhar ló ni ín, ọmọ Íńdíà tí wọ́n bí ní Lahore lọ́dún 1910, tó kú lọ́dún 1995.

Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Cambridge. Lórí omi níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Àwọn àgbà onímọ̀ gbà pé ìràwọ̀ tí iná inú ẹ̀ bá ti kú á sún kì, á sì jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ yìí ní rárá: bí ìwọ̀n èyí tó kù bá ti ju ìlọ́po 1.4 ti oòrùn wa lọ, ṣe ló máa máa wó sínú ara ẹ̀.

Eddington, ọ̀gá pátápátá nínú ìmọ̀ ìràwọ̀ nílùú Ọba, máa ń yà sí yàrá rẹ̀ wá béèrè bí ìṣirò ṣe ń lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1935, Chandra ṣàlàyé iṣẹ́ náà níwájú àwọn onímọ̀ ní London. Bó ṣe jókòó báyìí, Eddington dìde, ó ní ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí ni. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Èyí tó ká mi lára jù kì í ṣe ẹ̀rín yẹn. Àwọn ọ̀jẹ̀ físíìsì bíi Pauli mọ̀ pé ọmọ náà ló tọ̀nà, ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ẹ mọ irú ẹ̀.

Kò bá a jà. Ó lọ sí Yunifásítì Chicago lọ́dún 1937, ó kó ìṣirò náà sínú ìwé kan lọ́dún 1939, ó sì mú iṣẹ́ mìíràn. Òun àti Eddington ṣì ń kọ lẹ́tà síra wọn. Tèmi bá ni, mi ò lè ṣe é.

Lọ́dún 1964, ohun èlò tí wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé sókè rí X-ray tó ń ti ibì kan jáde, Cygnus X-1. Sátẹ́láìtì Uhuru, tó gbéra létí òkun Kẹ́ńyà ní oṣù Kejìlá ọdún 1970, rí i pé X-ray náà ń ṣẹ́jú wàràwàrà, àfi ohun tó kéré gan-an ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 1972, wọ́n ti rí ìràwọ̀ ńlá kan tó ń bá ohun tójú ò rí yí po ní ọjọ́ 5.6. Ohun náà ń fa afẹ́fẹ́ ara ìràwọ̀ yìí mu, afẹ́fẹ́ náà á gbóná kọjá sísọ kó tó wọlé, òun ló ń yọ X-ray. Ìwọ̀n tí wọ́n gbé jáde ní 2021 fi hàn pé ó tó oòrùn 21. Kò sí òkú ìràwọ̀ tó lè gbé ìyẹn kó má wó. Ihò dúdú ni.

Chandra fúnra ẹ̀ padà sídìí ihò dúdú lọ́jọ́ alẹ́. Ìwé ńlá tó kọ lórí ẹ̀ jáde lọ́dún 1983, ọdún kan náà tó gba ẹ̀bùn Nobel, lẹ́ni ọdún 73. Wọ́n ní inú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dùn pé iṣẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ ni wọ́n tẹnu mọ́, bí ẹni pé kò ṣe nǹkan mìíràn látìgbà yẹn.