Mungo Park àti Igi Irúgbá

Kò sí ọmọ Ayewa, ní ilẹ̀ Kàbà, tí kò mọ igi irúgbá, èyí tí àwọn ìyá wa ń fi èso rẹ̀ ṣe irú. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko, Parkia biglobosa ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin tí ó ni orúkọ náà ni àwa fẹ́ sọ.

Ní ọdún 1771 ni a bí Mungo Park, ọmọ àgbẹ̀, lẹ́bàá Selkirk ní ilẹ̀ Scotland. Ó kọ́ ìṣègùn ní Edinburgh. Àna rẹ̀ kan tí í ṣe ológbà mú un mọ Sir Joseph Banks, ó sì bá ọkọ̀ lọ sí Sumatra ní 1793. Níbẹ̀ ni ó ti rí ẹja mẹ́jọ tí kò tíì sí nínú ìwé kankan, ó sì fún wọn ní orúkọ ní èdè Látìnì. Orúkọ méjì-méjì ni, gẹ́gẹ́ bí Linnaeus ará Sweden ti fi lélẹ̀: èkíní dàbí orúkọ ìdílé, èkejì sì ni ti ohun náà gan-an.

Ní 1795 ó gúnlẹ̀ sí Gambia. Wọ́n mú un ní ìgbèkùn, wọ́n kó o lẹ́rù, ebi sì pa á, kí ó tó rí odò Ọya ní Segu ní oṣù Keje, 1796. Níwájú Segu ó kọjá ìlú kan tí ń jẹ́ Kabba (kì í ṣe tiwa o!), ó bá àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń ṣa èso èmì. Ó tọ́ òrí náà wò, ó sì yìn ín ju bọ́tà màlúù lọ. Ó tún padà wá ní 1805. Àìsàn pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó bá a wá, òun pàápàá sì kú sínú odò ní Bussa ní 1806.

Ní 1826 Robert Brown, ará Scotland bíi tirẹ̀, fi Parkia sọ orúkọ ìdílé irúgbá. Àwọn mìíràn fi orúkọ Park sára èmì pẹ̀lú, wọ́n pè é ní Butyrospermum parkii. Èyí kò dúró. Gaertner ará Jámánì ti pe igi náà ní Vitellaria paradoxa ní 1807, òfin sì ni pé orúkọ tí a kọ́kọ́ tẹ̀ sínú ìwé ni yóò borí. Ó dùn wá díẹ̀, nítorí èmì gan-an ni igi tí Park yìn. Orúkọ tí àwọn ìyá wa ń pe igi náà sì ti wà ṣáájú ti Gaertner, ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi ń pè é, òfin náà kò sì kà á sí.