Wòlíì Wadé Harris àti Àwọn Tí Wọ́n Fi Ọdún Mẹ́wàá Retí Bíbélì

Bí ènìyàn bá rìn ní etí ọ̀sà Àbíjàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ní àwọn ìletò Ebrié tí ìgboro ti gbé mì, yóò rí tọkùnrin tobìnrin nínú aṣọ funfun tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ sí ilé Ọlọ́run. Ọmọ ìjọ Harris ni wọ́n. Ní àdúgbò kan náà ni ènìyàn yóò tún rí ọ̀pọ̀ àwọn ará Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n ń lọ sí ìsìn tiwọn. Ìjọ méjì ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkùnrin kan náà ni ìtàn àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti pẹ́ ní Treichville àti Adjamé, pàápàá jùlọ àwọn ará Èjìgbò tí Àbíjàn ti di ilé kejì fún láti ìrandíran, mọ orúkọ rẹ̀. Nílé níhìn-ín, àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n kò pọ̀. A rò pé ó yẹ kí àwọn òǹkàwé wa mọ̀ ọ́n, ní pàtàkì ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀, àti ẹnikẹ́ni tí ó bá ń rò pé ibi tí òun wà nísinsìnyí kì í ṣe ibi tí Ọlọ́run ti lè lo òun.

A bí Wadé Harris ní nǹkan bí ọdún 1860 ní Half-Graway, ìletò àwọn Grebo kan ní ẹ̀bá Cape Palmas ní ilẹ̀ Làìbéríà. Abọ̀rìṣà ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó ti gba ìgbàgbọ́. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, a fi í sí ọ̀dọ̀ arákùnrin ìyá rẹ̀ kan, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì tí a ń pè ní Lowrie. Ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ti kọ́ láti ka èdè Grebo àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó ti dàgbà, ó bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ẹkùn náà ti máa ń ṣe, ó sì rìn jìnnà ní etí òkun. Lẹ́yìn èyí ó fẹ́ Rose Farr ní ìyàwó, ó bọ́ sí ìjọ Episcopal ti àwọn ará Amẹ́ríkà, Bíṣọ́ọ̀bù Ferguson sì gbé ọwọ́ lé e lórí ní 1888. Láti 1892 ni ó ti ń ṣe olùkọ́ àti olùrànlọ́wọ́ àlùfáà. Nígbà tí ó di 1899, ó di ògbufọ̀ fún ìjọba. Ẹ̀yin olùtumọ̀, ẹ ṣàkíyèsí iṣẹ́ yìí: fún ọdún bíi mẹ́sàn-án, oúnjẹ rẹ̀ ni láti gbé ọ̀rọ̀ láti inú èdè kan bọ́ sí inú èkejì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìjà wà láàrin àwọn Grebo, tí wọ́n ni ilẹ̀, àti ìjọba àwọn ọmọ Làìbéríà tí wọ́n ti Amẹ́ríkà padà wá. Harris dúró pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1909 ó ta àsíá àwọn Gẹ̀ẹ́sì sókè ní etí òkun, ó sì fi àbùkù kan àsíá Làìbéríà, nítorí ó gbàgbọ́ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yóò sàn ju èyí tí ó wà lórí wọn lọ. Wọ́n mú un, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1910 láàrin àwọn Grebo àti ìjọba, inú ẹ̀wọ̀n ni Harris wà. Ogun náà kò gbe àwọn ènìyàn rẹ̀. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ lójú ìjọba, ìrètí tí ó gbé ka orí àsíá àjèjì sì ti wó. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. Lójú ènìyàn, ó ti parí fún un.

Inú ẹ̀wọ̀n yẹn ni ìpè ti bá a. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ń ròyìn rẹ̀ títí ó fi kú, ó rí áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì lójú ìran ní òru, ẹni tí ó wí fún un pé Ọlọ́run ti yàn án ní wòlíì, pé kí ó bọ́ aṣọ òyìnbó tí ó fi ń ṣe fáàrí sílẹ̀, kí ó wọ aṣọ funfun, kí ó sì lọ wàásù. Àwọn mìíràn lè jiyàn nípa ìran náà. Ohun tí kò ní iyàn nínú ni pé ọkùnrin tí ó wọ ẹ̀wọ̀n lọ nítorí àsíá jáde pẹ̀lú ọ̀ràn mìíràn lọ́kàn. Àwa ka èyí sí ohun ńlá. Jósẹ́fù gba ojú ọ̀nà ẹ̀wọ̀n kọjá, Pọ́ọ̀lù sì kọ lẹ́tà láti inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti ka ìtàn àwọn wọ̀nyẹn débi pé a ti gbàgbé bí ẹ̀wọ̀n ti rí. Ẹ̀wọ̀n ti Harris kò jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀.

A kò gbọdọ̀ fi ohun tí ó dunni pamọ́. Rose ìyàwó rẹ̀ rò pé orí ọkọ òun ti dàrú, ìbànújẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára, ó sì kú. Harris gbé ẹrù yìí pẹ̀lú rẹ̀ lọ.

Ní oṣù keje ọdún 1913 ó gbéra, ó doríkọ ìlà-oòrùn, ó sì kọjá sí ilẹ̀ Côte d'Ivoire tí ó wà lábẹ́ Faransé. Ẹsẹ̀ lásán ni ó fi ń rìn. Ó wọ aṣọ funfun, ó fi ọ̀já dúdú gba àyà ní ìdábùú, ó wé láwàní, ó mú ọ̀pá tí a ṣe bí àgbélébùú lọ́wọ́, pẹ̀lú Bíbélì, awo omi àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń kọrin tẹ̀lé e, Helen Valentine sì wà láàrin wọn. Wọ́n gba Tabou, San Pedro, Sassandra àti Fresco kọjá dé Grand-Lahou. Ní ìletò Kraffy ni èrò ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ tọ̀ ọ́ láti ọ̀nà jíjìn.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ilẹ̀ tí ó dé. Láti 1908 ni Gómìnà Angoulvant ti ń fi ipá ṣẹ́gun rẹ̀. Wọ́n ń gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n ń gba owó orí, wọ́n ń kó wọn ṣe iṣẹ́ àfipáṣe, wọ́n sì ń jó ìletò tí ó bá ṣorí kunkun. Àwọn òrìṣà tí wọ́n ń bọ kò gbà wọ́n. Harris sọ fún wọn pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ó wà, kí wọ́n kó ère àti oògùn wọn jọ, kí wọ́n dáná sun ún. Bí wọ́n bá sì ti ṣe èyí, ó ń rì wọ́n bọmi lójú ẹsẹ̀, ó ń gbé Bíbélì lé wọn lórí. Àwọn míṣọ́nnárì rò pé ìkánjú ni èyí. Ẹ̀kọ́ ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni àwọn máa ń fún ènìyàn kí ó tó wọ omi. Ìdáhùn Harris rọrùn: ẹni tí ó sun ohun tí ó ń fi ara rẹ̀ pamọ́ sí, tí a kò sì fún un ní ibi ìsádi mìíràn, yóò padà sí ìdí òrìṣà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀, a gbà pé àwọn tí ó rì bọmi ní Côte d'Ivoire àti ní ìwọ̀-oòrùn Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, lé ní 100,000.

Kò sọ fún wọn pé kí wọ́n sá kúrò níbi tí wọ́n wà. Ó ní kí àgbẹ̀ máa ro oko rẹ̀, kí apẹja máa dẹ àwọ̀n rẹ̀, kí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́fà, kí wọ́n sì sinmi ní ọjọ́ Olúwa. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé àdúrà ní ìletò wọn, kí wọ́n sì yan ènìyàn méjìlá láti máa bójú tó o. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè irú orin tí wọn yóò máa kọ, ó ní orin ti ara wọn ni kí wọ́n kọ, kí wọ́n kàn yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà sí ìyìn Ọlọ́run. Ẹni tí ó bá mọ ìwé tí Jeremáyà kọ sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì, nípa ilé kíkọ́ àti ọgbà gbígbìn ní ilẹ̀ àjèjì, yóò mọ ibi tí irú ìmọ̀ràn yìí ti wá.

Ogun àgbáyé bẹ́ ní 1914, ìjọba Faransé kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa kó èrò jọ ní etí òkun. Wọ́n mú Harris àti àwọn obìnrin náà, wọ́n nà wọ́n, wọ́n sì lé wọn padà sí Làìbéríà nígbà tí ọdún náà ń parí lọ. Helen Valentine kò pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé àdúrà, wọ́n sun àwọn mìíràn.

Ibi tí ìtàn yìí ti kàn wá jù nìyí. Harris ti sọ fún àwọn ènìyàn náà pé àwọn kan ń bọ̀ tí yóò mú Ìwé náà wá, tí yóò sì kọ́ wọn ní ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà a mú un lọ. Wọn kò ní àlùfáà. Wọn kò ní ilé ẹ̀kọ́. Kò sí Bíbélì ní èdè Ebrié, kò sí ní Dida, kò sí ní Adioukrou, nígbà tí àwa Yorùbá ti ní odindi Bíbélì ní èdè wa láti 1884. Àwọn ìletò kan rí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì rà. Wọ́n gbé e sórí tábìlì nínú ilé àdúrà, wọ́n sì ń pàdé yí i ká, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan kò lè kà á láàrin wọn. Níbi tí akọ̀wé ilé ìtajà kan láti Gold Coast tàbí Sàró bá wà, òun ni yóò ka díẹ̀ fún wọn, tí yóò sì ṣe ògbufọ̀ bí ó ti lè mọ. Ní 1922 ìjọba pàṣẹ pé èdè Faransé, Látìn tàbí èdè ìbílẹ̀ nìkan ni kí a máa fi ṣe ìsìn, ìyẹn náà sì tún di ìdènà fún àwọn akọ̀wé wọ̀nyí. Àwọn kan gba ọ̀dọ̀ àwọn Fádà lọ, Harris kò sì kọ èyí fún wọn. Àwọn kan padà sí ìdí òrìṣà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún kò kúrò ní ìdí ìwé tí wọn kò lè kà. Wọ́n ń tún ilé àdúrà tí a wó kọ́, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń pa ọjọ́ Ìsinmi mọ́, àwọn méjìlá wọn sì ń ṣe ìdájọ́ láàrin wọn.

A mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi ìtàn yìí sọ pé ìjọ lè wà láìní Bíbélì. Àwa kò kà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó mú wọn dúró ni pé wọ́n ń retí Bíbélì. Bí a bá mú ìrètí yẹn kúrò, kò sí ohun tí ó kù lórí tábìlì náà. Síbẹ̀ wọn kò káwọ́ gbera nítorí pé ohun tí wọ́n ń retí kò tíì dé.

Ní 1923, William Platt, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì tí ó ń ṣe àbójútó iṣẹ́ ní Dahomey àti Tógò, fi ojú ara rẹ̀ rí wọn, ẹnu sì yà á. Ní ọdún kejì iṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní pẹrẹu. Ní ìletò kan dé òmíràn, àwọn ènìyàn ń béèrè bóyá àwọn tí Harris ṣèlérí nìyí. Nígbà tí iyàn dé lórí èyí, míṣọ́nnárì Pierre Benoît rin ìrìn àjò lọ sí Cape Palmas ní 1926 láti bá wòlíì fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ní kí àwọn ènìyàn òun dara pọ̀ mọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì.

Báwo ni ó ti rí fún Harris láti ìgbà tí a ti lé e? Léraléra ni ó gbìyànjú láti padà sí Côte d'Ivoire. Léraléra ni wọ́n dá a padà ní ẹnu ibodè. Ó rọrùn kí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ jókòó sí etí ibodè kí ó máa sunkún. Harris yí padà, ó sì ń wàásù ní Làìbéríà, ó tún rìn dé Sàró, pẹ̀lú ọ̀pá àgbélébùú kan náà. Èrò tí ó tẹ̀lé e níbẹ̀ kò tó ìdajì ìdajì ti àkọ́kọ́. Kò dẹ́kun nítorí ìyẹn. Ní nǹkan bí 1925 àrùn rọpá-rọsẹ̀ kọlù ú, síbẹ̀ bí ara rẹ̀ ti yá díẹ̀ ni ó tún jáde lọ.

Ní 1928, Jonas Ahui, ọ̀dọ́mọkùnrin Ebrié kan láti Petit-Bassam ní ẹ̀bá Àbíjàn, wá sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú bàbá rẹ̀, tí í ṣe olórí ìletò náà. Ìdí ìrìn àjò wọn ni pé ìjọ tuntun náà kò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn: àwọn míṣọ́nnárì ń gba owó ìjọ, wọ́n sì ń béèrè pé kí ọkùnrin ní aya kan ṣoṣo, èyí tí Harris kò fi dandan lé wọn lórí. Kì í ṣe ti wa láti ṣe ìdájọ́ ọ̀ràn yìí nínú ìwé kékeré yìí. Àwọn ìjọ méjèèjì ṣì wà, wọ́n sì ń bá ara wọn gbé. Arúgbó náà ti rẹ̀ nígbà náà. Ó fi ọ̀pá kan àti Bíbélì kan lé Ahui lọ́wọ́, ó sì ní kí ó padà lọ bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Ahui gba ọ̀nà ilé. Harris kú ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1929, ní ẹ̀bá ibi tí a bí i sí, láìtún fi ojú rí Côte d'Ivoire mọ́.