Ẹ̀fọn ló pa Fausto Coppi, ọba àwọn eléré kẹ̀kẹ́

Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Kò sí àgbàlagbà ní Ìdí-Ìrókò tàbí Ìlaròó tí kò mọ ibà. Ibà yìí kan náà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú di, ló pa Fausto Coppi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri nínú àwọn tí ń fi eré kẹ̀kẹ́ jẹun.

Abúlé Castellania ni wọ́n ti bí Coppi ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1919. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, wọn kò sì lówó. Láti kékeré ló ti lọ ń bá alápatà kan ṣiṣẹ́ ní ìlú Novi Ligure, kẹ̀kẹ́ ló sì fi ń gbé ẹran lọ fún àwọn oníbàárà. Ìlú yìí ni Biagio Cavanna, afọ́jú tó ń wọ́ ara fún àwọn eléré kẹ̀kẹ́, ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ lásán.

Ní ọdún 1940, wọ́n gbà á láti máa ran ọ̀gá kan, Gino Bartali, lọ́wọ́ nínú ìdíje Giro d'Italia. Ọmọ ẹ̀yìn ọ̀hún ló gba ipò kìíní, ọmọ 20 ọdún péré sì ni. Ogun dá eré dúró. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú un ní Tùnísíà lọ́dún 1943. Nígbà tí ogun parí, ó tún gun kẹ̀kẹ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló gba Giro d'Italia, ó sì gba Tour de France lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1949, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba méjèèjì lọ́dún kan náà, ó sì tún un ṣe ní 1952.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ rẹ̀ kò kún. Serse, àbúrò rẹ̀, ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ ní 1951, ó sì kú. Nígbà tó yá, Coppi fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ nítorí Giulia Occhini, aya ẹlòmíràn. Ilé ẹjọ́ dá àwọn méjèèjì lẹ́bi ní 1955.

Ní oṣù Kejìlá, ọdún 1959, Coppi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yúróòpù lọ sá eré ní Ouagadougou, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Upper Volta nígbà náà. Burkina Faso ni lónìí, ó sì bá Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ pààlà lápá àríwá. Òun àti Raphaël Géminiani, ará Faransé, jọ sùn nínú yàrá kan náà, ẹ̀fọn sì jẹ wọ́n. Bí wọ́n ṣe padà délé ni àìsàn dá àwọn méjèèjì gúnlẹ̀.

Ní Faransé, wọ́n rí i pé ibà ni, wọ́n fún Géminiani ní kuníìnì, ara rẹ̀ sì yá. Àwọn ẹbí rẹ̀ fi fóònù ránṣẹ́ sí Ítálì, ṣùgbọ́n àwọn dókítà tó ń tọ́jú Coppi kò gbà pé ibà ni. Ọjọ́ 2, oṣù Kìíní, ọdún 1960 ló kú ní ìlú Tortona, lẹ́ni 40 ọdún.

Ọdún 2024 ni Géminiani tó kú, lẹ́ni 99 ọdún. Àìsàn kan náà ni. Ẹni tí wọ́n tètè mọ ohun tó ń ṣe é ló dàgbà dàrúgbó.