Alexandra David-Néel: obìnrin tó fi ẹsẹ̀ rìn láàárín òkè yìnyín wọ Lhassa

Ẹni tó bá ti ka ìwé Faransé díẹ̀ yóò ti pàdé orúkọ Alexandra David-Néel rí. Ohun tí wọ́n sì máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé òun nìkan, obìnrin, ló dá rìn gba orí òkè lọ sí Lhassa, olú ìlú Tibet, nígbà tí wọn kò gba àlejò láyè níbẹ̀. Iṣẹ́ akin ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò dá a ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí mo ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 1868 ni wọ́n bí i ní Saint-Mandé, lẹ́bàá Paris. Bàbá rẹ̀ ti ṣe olùkọ́ rí, kó tó di oníròyìn. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Belgique. Bàbá jẹ́ Protẹsitáǹtì, ìyá jẹ́ Kátólíìkì, ìfẹ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí láàárín wọn. Ọmọ náà ò lè jókòó sílé. Láti kékeré ló ti ń sá jáde, kí wọ́n tó máa wá a káàkiri. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó fi ẹsẹ̀ kọjá òkè Saint-Gothard ní Suisse, tó wọ Italie. Ìyá rẹ̀ ló lọ mú un bọ̀.

Nígbà tó dàgbà, ó kọrin fún owó. Ó bá ẹgbẹ́ olórin ọ́pẹ́rà lọ sí Hanoi, ó sì wá sí Tunis, ní Áfíríkà níhìn-ín. Ní Tunis ló ti fẹ́ Philippe Néel ní ọdún 1904, ẹ́ńjìnníà rélùwéè tó rí jájẹ dáadáa. Ilé tó dára wà, ọmọ ọ̀dọ̀ wà, aṣọ wà. Àìsàn ọkàn ló ń ṣe ìyàwó náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1911, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà, ó ní òun á padà wá lẹ́yìn oṣù 18. Ọdún 14 ló lò! Ẹ ò rí i pé ọkọ yẹn ní sùúrù? Kì í ṣe sùúrù nìkan o: òun ló ń fi owó ránṣẹ́, ọdún dé ọdún, sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Gbogbo lẹ́tà tí ìyàwó rẹ̀ kọ sí i ló tọ́jú. Bí kò bá sí owó Philippe, ìrìn yẹn ò bá ti pin sí Íńdíà.

Ní ọdún 1912, Dalai Lama kẹtàlá, tó sá kúrò ní Tibet nígbà náà, gbà á lálejò ní Kalimpong, ó sì rọ̀ ọ́ pé kó kọ́ èdè Tibet. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kíkọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, ibí yìí ni mo máa ń dúró sí pẹ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ó sì jókòó bí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti kọ́ èdè tuntun, kíkọ àti sísọ. Tí kò bá kọ́ ọ ni, ọjọ́ kejì tó wọ Tibet ni wọn ì bá ti mú un.

Ó lọ sí Sikkim, ìjọba kékeré kan láàárín òkè Himalaya. Níbẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Aphur Yongden ti wá ń bá a ṣiṣẹ́, ní ọdún 1914. Ọmọ bí ọdún 15 ni. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ náà kò fi í sílẹ̀ mọ́ títí ikú. Ìsàlẹ̀ àpáta ní Lachen ni wọ́n ń gbé, nítorí obìnrin náà ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ẹlẹ́sìn Búdà kan tó fi ayé sílẹ̀.

Àwa tí ọyẹ́ ń dà láàmú ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi òǹkà sí i kó lè yé wa. Òkè Agou, tó ga jù lọ ní Togo, 986 mítà ni. Ibi tí obìnrin yìí ń gbé ní Lachen tó bíi 4,000 mítà. Àfi kí ẹ to òkè Agou mẹ́rin lé ara wọn. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́, èémí kì í kún àyà, orí a máa fọ́ àlejò, oorun kì í wá. Omi pàápàá ti ń hó kí ooru rẹ̀ tó pé 90 dígírì, nítorí náà ẹ lè gbé ẹ̀wà sórí iná láti àárọ̀ dalẹ́ kó má rọ̀. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ àwọn ará ibẹ̀ fi jẹ́ tsampa: ọkà báálì tí wọ́n ti yan kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ó jọ gàrí tiwa. Iná ti kàn án tẹ́lẹ̀, tíì gbígbóná tí wọ́n fi bọ́tà àti iyọ̀ sí ni wọ́n fi ń pò ó, ó di òkèlè. Ẹni tó ní àpò tsampa kan lè rin ọ̀nà jínjìn.

Níbẹ̀ náà ló ti kọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní tumo, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń fi mímí àti ìrònú mú ara rẹ̀ gbóná nínú òtútù. Ẹ má rò pé oògùn ni. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni, ó sì pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń jẹ gàba lágbègbè yẹn, wọn kò sì fẹ́ kí àlejò gba ọ̀dọ̀ wọn wọ Tibet. Ní ọdún 1916, Alexandra kọjá ààlà láìgba àṣẹ, ó dé Shigatse, ó padà. Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Sikkim. Kò tán síbẹ̀: wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ àwọn ará abúlé kan nítòsí, wọ́n ní wọn kò wá sọ pé obìnrin náà ti lọ. Àwọn yẹn kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Inú bí wọn, àwọn kan nínú wọn wá kó nínú ẹrù ilé rẹ̀. Ẹni tó ń kọ ìtàn akọni kì í fẹ́ dúró síbi báyìí, ṣùgbọ́n tálákà ló san gbèsè ìrìn yẹn.

Ìlékúrò náà ló mú un bínú tó fi pinnu pé Lhassa gan-an lòun ó wọ̀. Ó lọ yí ká: Japan, Corée, Ṣáínà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta tó gbé ní ilé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Kumbum, tó ń ka ìwé, tó ń túmọ̀. Ó gbìyànjú láti wọ Tibet láti ibòmíràn, wọ́n dá a padà.

Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 1923, òun àti Yongden gbéra láti Yunnan, ní Ṣáínà. Wọ́n sọ fún àwọn èèyàn pé ewé àti egbò làwọn fẹ́ lọ wá nínú igbó. Obìnrin náà jẹ́ ẹni ọdún 55. Ó fi yíǹkì dúdú kun irun, ó so irun yak mọ́ ọn kó lè gùn, ó fi kòkó àti èédú lílọ̀ pa ojú. Ó di ìyá arúgbó tálákà tó ń bá ọmọ rẹ̀ lọ sí ibi mímọ́. Abẹ́ aṣọ wọn ni ìbọn kékeré wà, àti owó, àti wúrà díẹ̀. Wọ́n ní àgọ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ìkòkò kan, awọ láti fi tún bàtà ṣe. Aṣọ ìbora? Kò sí, nítorí tálákà kì í ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ẹrù tó pọ̀ á sì tú wọn fó. Lóru ni wọ́n kọ́kọ́ ń rìn, wọ́n á sá pamọ́ sínú igbó lójú mọmọ. Tí wọn kò bá lè pa àgọ́, wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á fi aṣọ àgọ́ bora; funfun ni, ẹni tó ń kọjá á rò pé yìnyín ló wà nílẹ̀.

Níbi tí èèyàn wà, iṣẹ́ ọwọ́ Yongden ni. Òun ni lámà, òun làwọn ará abúlé ń pè pé kó wo nǹkan fún àwọn, bí ẹni lọ bá babaláwo: màlúù mi tó sọnù ńkọ́, ṣé aláìsàn mi á yè? Ó ń wò ó fún wọn, wọ́n ń fún un ní oúnjẹ. Ìyá arúgbó á jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá fọ ìkòkò tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ di funfun, á yára fi ọwọ́ pa ìdí ìkòkò, kí èédú tún lè mú un dúdú. Ọjọ́ kan wọ́n so ó mọ́ okùn lókè odò láti kọjá sí òdìkejì, okùn tí wọ́n fi ń fà á já, ó sì ń mì lókè omi títí wọ́n fi tún un ṣe. Ọjọ́ mìíràn àwọn ọlọ́ṣà gba owó lọ́wọ́ Yongden. Ìyá arúgbó bú sẹ́kún, ó ń ké pe àwọn òrìṣà tó burú jù ní Tibet, ó ń fi wọ́n gégùn-ún. Ẹ̀rù ba àwọn ọlọ́ṣà, wọ́n dá owó padà.

Òtútù ni kò ṣeé tàn jẹ. Lórí òkè kan, yìnyín kún ọ̀nà, òru bá wọn, wọ́n rin wákàtí 19 láìjókòó, láìjẹun. Ìgbà tí wọ́n rí ibi dúró, òkúta ìṣáná àti ewédò tí wọ́n fi ń dáná ti rin gbindin. Láìsí iná, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n lè kú. Yongden lọ wá ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ tí wọ́n á fi dáná. Alexandra fi òkúta àti ewédò náà sábẹ́ aṣọ, mọ́ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ tumo tó kọ́ ní Lachen. Nígbà tí ọmọ náà fi máa dé, iná ti ń jó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Yongden yọ̀ ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Ìyá gbìyànjú láti gbé e, kò lè gbé e. Yìnyín ń bọ́, oúnjẹ tán. Kérésìmesì ló kù sí dẹ̀dẹ̀. Yongden ló mú àbá wá: ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ń pa bàtà ṣẹ́kù díẹ̀, awọ tó fẹ́ fi tún bàtà ṣe wà níbẹ̀. Wọ́n gé e sínú omi, wọ́n sè é, wọ́n mu omi rẹ̀. Ọmọkùnrin náà gé igi, ó fi ṣe ọ̀pá, ó ń tiro lọ. Ẹ ronú nípa rẹ̀: ọmọ ọdún bíi 24, tó ti mọ̀ pé bí wọ́n bá mú wọn, wọ́n á dá Òyìnbó padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni Òyìnbó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1924, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n gbéra, wọ́n dé Lhassa. Atẹ́gùn oníyanrìn ńlá kan jà lọ́jọ́ náà, ojú kò ríran, wọ́n wọlé láìsí ẹni tó bi wọ́n. Oṣù méjì ni wọ́n lò níbẹ̀, ní àkókò ọdún tuntun tí èrò kún ìlú. Ó wọ Potala, ààfin Dalai Lama, láàárín àwọn tálákà mìíràn; níbẹ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ní kó ṣí fìlà, irun rẹ̀ tí yíǹkì ti ń ṣí kúrò lára rẹ̀ hàn sí gbogbo ayé, kò sì sẹ́ni tó fura. Kò sí obìnrin Òyìnbó kankan tó wọ ìlú yẹn ṣáájú rẹ̀. Àwọn kan sọ lẹ́yìn náà pé irọ́ ló pa. Fótò wà tó yà níwájú Potala pẹ̀lú Yongden, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á lálejò ní Gyantse sì rí i pé láti Lhassa ló ti ń bọ̀.

Ó padà sí Faransé ní 1925. Ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ gba Yongden sílé, wọn kò sì jọ gbé mọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò dáwọ́ dúró títí Philippe fi kú ní 1941. Ìwé rẹ̀, Voyage d'une Parisienne à Lhassa, jáde ní 1927, orúkọ rẹ̀ kàn. Ó fi owó ìwé ra ilé ní Digne, ó gba Yongden ṣe ọmọ lábẹ́ òfin. Wọ́n tún jọ lọ sí Ṣáínà ní 1937, ogun há wọn mọ́ ibẹ̀, wọn kò sì padà sí Faransé títí di 1946. Yongden ló kọ́kọ́ kú, ní 1955, kò tíì pé ọgọ́ta ọdún.

Ìyá kò kú. Làkúrègbé mú un tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè sùn lórí ibùsùn mọ́, orí àga ló ń sùn, ó sì ń kọ̀wé. Nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó ní kí wọ́n tún pasipọ́ọ̀ òun ṣe. Ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1969 ló kú ní Digne. Obìnrin tó tọ́jú rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn gbé eérú rẹ̀ lọ sí Íńdíà ní 1973. Kò gbé tirẹ̀ nìkan: ó gbé ti Yongden pẹ̀lú, ó sì da méjèèjì sínú odò Gange ní Bénarès, lọ́jọ́ kan náà.