Orin Tí Kurt Cobain Ṣi Orúkọ Rẹ̀ Túmọ̀

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ti Kurt Cobain, ara ògiri ilé gan-an ló ti rí orúkọ orin tó gbé e dé gbogbo ayé, ó sì ṣi orúkọ náà túmọ̀. Ọdún kẹta wa ni mo gbọ́ ìtàn yìí, kò sì kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1967 ni wọ́n bí Kurt sí Aberdeen, ìlú àwọn agégẹdú ní ìpínlẹ̀ Washington, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 9 ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bó ṣe ń gbé lọ́dọ̀ bàbá ló ń gbé lọ́dọ̀ ìyá, ó sì tún ń sùn lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 14, ẹbí rẹ̀ kan fún un ní gìtá. Ní 1987, òun àti Krist Novoselic dá ẹgbẹ́ olórin Nirvana sílẹ̀. Owó tí wọ́n fi gba ohùn àwo wọn àkọ́kọ́, Bleach, sílẹ̀ kò ju dọ́là 600 àti díẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè rèé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Kathleen Hanna, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ Bikini Kill, kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ pé Kurt ń rùn bíi Teen Spirit. Ìpara abíyá ni Teen Spirit, irú èyí tí àwa ń pè ní roll-on. Òun ni Tobi Vail, olólùfẹ́ Kurt nígbà náà, ń lò. Ẹ̀fẹ̀ ni Kathleen ń ṣe. Ṣùgbọ́n Kurt kò mọ ìpara náà rí. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ méjèèjì palẹ̀, ẹ̀mí ọ̀dọ́ ni. Ó rò pé ọ̀rẹ́ òun ń yin òun pé ẹ̀mí ìjà àwọn ọ̀dọ́ wà lára òun, ló bá sọ orin rẹ̀ ní Smells Like Teen Spirit. Orin ti jáde fún oṣù mélòó kan kó tó mọ̀ pé orúkọ ọjà ni.

Orin náà bẹ̀rẹ̀ àwo Nevermind, tó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1991. Nígbà tó di oṣù Kìíní 1992, àwo náà yọ Dangerous ti Michael Jackson kúrò ní ipò kìíní nínú ìwé Billboard. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ di orin ogun ìran wọn. Bẹ́ẹ̀ Kurt ń fi èrò ìjà ọ̀dọ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó sì ń bú àìbìkítà àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, títí kan ara rẹ̀. Ó ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ra débi pé ọ̀pọ̀ tó ń jó sí i kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Orin náà sú u. Nígbà tí wọ́n ṣe MTV Unplugged ní New York lóṣù Kọkànlá 1993, kò kọ ọ́.

Inú rírun bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, oògùn olóró náà sì dè é mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin 1994, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní Seattle. Ọmọ ọdún 27 ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan tí a jọ ń gbé yàrá kọ ọ́ sórí WhatsApp pé ayé sú òun. Àwòrán ẹ̀rín la fi dá a lóhùn. Ẹ̀yin náà mọ bí gbogbo wa ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ lásìkò ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà la tó mọ̀ pé kì í jẹun, kì í sùn, kò sì wọ kíláàsì mọ́. Ọpẹ́ ni pé ó rí ìrànlọ́wọ́ gbà, ó sì ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́.

Kurt kò bi Kathleen léèrè, orin ńlá ló ti ibẹ̀ jáde. Àwa náà kò béèrè, ó sì kù díẹ̀ ká pàdánù ènìyàn. Wọ́n kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ kan lè ní ìtumọ̀ méjì. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín bá ní méjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi í.